Egbò Mẹ́sàn-án Lára Àgbò Ìyá Muheez

Bí mo bá fẹ́ wo awọ ẹran, mo máa ń kọ́kọ́ di ojú mi. Àwọn tó ń kó ẹran wá sọ́dọ̀ mi ní Okokomaiko ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọ́n ní Dókítà Bímpé ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n máa wí. Ojú yára jù fún iṣẹ́ yìí. Ojú á rí ibi tí irun ti re, á ti pariwo làpálàpá kí ọwọ́ tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, tí mo fi ìka mẹ́rin rìn láti èjìká ẹran dé ìdí rẹ̀, awọ náà á máa fẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi títí á fi di ilẹ̀. Màá gba ibi tí koríko ti rọ̀ kọjá, màá gba ibi tí ilẹ̀ ti sán, màá máa lọ ní tèmi. Nígbà mìíràn mi ò ní rántí pé inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo wà, tí ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Olùkọ́ mi, Dókítà Stephen, ló kọ́ mi ní ìrìn yìí. Ó ní oríṣi àmì méjì ló wà lára awọ. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àrùn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: rorẹ́, ìléròrò tó ní omi nínú, kókó. Èkejì ni èyí tó tẹ̀lé e wá: èépá, ìpẹ́, ibi tí ẹran fi ìwo ara rẹ̀ ha, ibi tó ti fi ara gbo ògiri, àti gbogbo ohun tí ènìyàn fi kùn ún ní orúkọ ìtọ́jú. "Bímpé," á ní, "tí o ò bá tíì rí àmì àkọ́kọ́, o ò tíì rí àrùn. Pa ẹnu mọ́." Mo máa ń gbìyànjú láti pa á mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu mi kì í gbà.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, àfi tí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà náà ni mo máa ń di ọlọ́pàá. Ẹran Iléyá kò gbọdọ̀ ní àbùkù, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà gbogbo ayé ló ń fi àbùkù pamọ́. Ní ọjà ẹran Àlàbá Rago, níbi tí mo ti ń rìn láàárín àgbò láràárọ̀, mo ti rí èkúrú tí wọ́n fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bò mọ́lẹ̀. Mo ti rí egbò tí wọ́n fi póólíìṣì bàtà dí. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbé irun àgbò kan, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àgbò mìíràn, ọjọ́ náà ni mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ẹran ń jẹ̀rora lábẹ́ ẹ̀tàn, ẹni tó ń tà á sì ń bá oníbàárà rẹ́rìn-ín. Inú á máa bí mi títí màá fi délé.

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí a ṣe Iléyá nígbà tí Muheez mú àgbò ìyá rẹ̀ wá. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ó sì ti dá, ṣùgbọ́n ìkùukùu funfun kan gòkè wá láti apá ọ̀sà ní Ọ̀jọ́, ó bo títì, ó bo òrùlé, àwọn ènìyàn sì ń yọ jáde láti inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe kọ́kọ́ rí àgbò náà nìyẹn. Mi ò rí okùn, mi ò rí ẹni tó ń fà á. Orí funfun kan ni mo rí àti ìwo méjì tó ká dé etí, tí wọ́n ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó rí ìyá àgbàlagbà kan tó di okùn mú, àti ọkùnrin kan tó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán, Dókítà," ọkùnrin náà ní. "Èmi ni Muheez, mo máa ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Àlàbá. Màmá mi rèé. Ìbà la ti ń bọ̀. Àgbò bàbá mi la mú wá."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti ṣaláìsí. Ó ti pé ọdún méjì."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Bàbá rẹ̀, Àdìgún, ló ra àgbò náà ní Àlàbá Rago nígbà tó ṣì kéré, nígbà tí àìsàn ti ń bá bàbá náà fínra. Ó sọ ọ́ ní Àlejò. Kí ó tó kú, ó pe ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kan fún wọn.

"Wọ́n ní ọdún tí ìwo ẹ̀ bá ká dé etí, ká pa á fún Iléyá, ká pín in fún gbogbo àwọn tó bá wa ṣe wàhálà àìsàn wọn. Ó ti ká báyìí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nǹkan kan ṣàdédé yọ sí i lára. Àáfà wá wò ó, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ nípa awọ, ká lọ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Tó bá jẹ́ àrùn ni, wọn ò ní pa á. Tó bá jẹ́ pé ó kàn fara gbọgbẹ́ ni, ìyẹn ò dí nǹkan kan lọ́wọ́, a máa pa á. Ìwé yín nìkan la ń wait fún."

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn rẹ̀, bí ooru ṣe mú tó. Àgbò náà lọ bá a, ó gbé àgbọ̀n lé e lórúnkún.

Mo wo ara ẹran náà. Egbò dúdú róbótó-róbótó, kéékèèké, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lọ́rùn. Ẹnu mi kò dúró de ọwọ́ mi.

"Ta ló fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kun ẹran yìí? Ṣé mọ́tò lẹ rò pé ó jẹ́ ni?"

Muheez búra pé kò sẹ́ni tó kùn ún ní nǹkan kan. Mi ò gbà. Mo rẹ òwú sínú omi ọṣẹ, mo nu egbò náà dáadáa, mo wá na òwú sókè kí n fi dójú tì wọ́n. Funfun ni òwú náà jáde. Èmi gan-an lojú tì.

Mo bá di ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ilẹ̀ náà dára. Irun kúnná, awọ rọ̀, ẹran náà sanra. Mo wá rorẹ́, kò sí. Mo wá kókó, kò sí. Lójijì ni ìka mi á já sínú egbò, kò ní pẹ́ á tún gun orí awọ tó dá ṣáká, láìsí ibi wíwú kankan láàárín wọn. Làpálàpá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Làpálàpá máa ń ṣí kiri. Etí rẹ̀ á wú, á máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, àárín rẹ̀ á máa jinná. Ojú kan làwọn wọ̀nyí dúró sí. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án, kò sì sí èyí tó ju orí ìka lọ nínú wọn.

Ohun tó tún dà mí láàmú jù ni ọjọ́ orí wọn. Àrùn kì í bí gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá wọ ilé àrùn, ẹ ó bá ìkókó níbẹ̀, ẹ ó bá géńdé, ẹ ó bá arúgbó tó ti ń di àpá. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yìí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé ayé. Mo ha díẹ̀ nínú èépá wọn, mo wò ó lábẹ́ màíkírósíkóòpù. Mi ò rí kòkòrò èkúrú, mi ò rí ohun tó ń fa làpálàpá.

Mo ṣí ìwé mi, mo ya àgbò náà sí i, apá ọ̀tún àti apá òsì, mo fi àmì sí ibi tí egbò kọ̀ọ̀kan wà. Bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹran nìyẹn. Mẹ́rin wà lápá ọ̀tún. Márùn-ún wà lápá òsì, wọ́n yí ibì kan ká ní ọrùn, ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kò sì sí ọ̀kan tó wọ inú rẹ̀. Mo rí i, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ọkàn sí i.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Iná lọ, fáànù sì dúró. Muheez wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo gbé ọwọ́ mi padà sẹ́yìn àgbò náà, mo tún di ojú. Òjò ń lu páànù, èémí ẹran náà ń lọ, ó ń bọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò lè sọ pé mo sùn, mi ò sì lè sọ pé mo lajú.

Mo ṣáà bá ara mi lórí pápá funfun kan. Koríko rẹ̀ dé kókósẹ̀ mi, ó gbóná, ilẹ̀ náà sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé ó ń mí. Mo kọjá lára ilẹ̀ dúdú kan tó jó, mo kọjá lára èkejì, mo kọjá lára ẹ̀kẹta. Kò sí èéfín. Mo ń bi ara mi pé ta ló ń dáná sun oko báyìí, tí iná kò ràn mọ́ koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Mo wá rí igi kan. Ọmọdébìnrin kan jókòó nídìí rẹ̀, ó wọ aṣọ ilé-ìwé, ó fi òkúta fọ́ nǹkan kan, ó ki igi tín-ín-rín bọ inú rẹ̀, ó ń kọ nǹkan sí apá ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń run èso kajú tó ti pọ́n jù. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Má fi ọwọ́ yẹn kan ojú ẹ o."

Mo lajú. Mo ká apá aṣọ òsì mi sókè. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀, lẹ́tà B wíwọ́ kan, èyí tí mo kọ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án nídìí igi kajú ilé-ìwé wa ní Ìbà. Gbogbo wa la kọ orúkọ sára nígbà náà. Omi tó wà nínú èèpo kóró kajú tútù á jó awọ, á lé ròrò, á dúdú, á di èépá. Ìyá mi nà mí títí mo fi gbàgbé oró kajú.

Mo wo ìyá tó jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìborùn.

"Muheez," mo ní, "fọ́ọ̀mù mi ti tán. Bá mi lọ ṣe fótókọ́pì èyí wá ní Ìyànà-Ìbà, jọ̀ọ́. Màá fọwọ́ sí i tó o bá dé."

Ó lọ. Mo dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà.

"Màmá, ẹ fi ọwọ́ yín hàn mí."

Ó pẹ́ kí ó tó fà á yọ. Orí àtàńpàkò rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀lé e dúdú, wọ́n ti ń bó. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ti rí oríṣiríṣi ẹni tó ń fi àbùkù ẹran pamọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àbùkù sí ẹran tirẹ̀ lára.

"Igi kajú ẹ̀yìnkùlé wa ni," ó ní. "Mo fi pákò tọ́ omi kóró rẹ̀ sí i lára. Mo ti rí ẹran tó ní làpálàpá rí, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Mo rò pé mo ṣe é jọ."

"Ó jọ. Ojú mi gbà á." Inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. "Ẹ jó ẹran níná nígbà mẹ́sàn-án, Màmá! Nígbà mẹ́sàn-án! Ṣé kò ké ni?"

"Kò ké. Ó gbé àgbọ̀n lé mi lórúnkún, ó ń wò mí. Ó rò pé mò ń tọ́jú òun ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èmi ni mo ké. Mo ní, Àlejò, fara da èyí, ọ̀bẹ le jù ú lọ."

Ìbínú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ibi jókòó mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Muheez pé ẹ ò fẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ òkú ni, ọmọ mi. Ọkọ mi ló sọ ọ́, ṣé èmi ni màá wá ní kí wọ́n má ṣe é? Muheez á ní mo ti gbàgbé bàbá òun. Àmọ́ tó bá jẹ́ àrùn ló mú un, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi." Ó di ọwọ́ mi mú. "Bá mi kọ làpálàpá síbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó wù mí láti kọ ọ́. Kí n má purọ́, ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ irọ́ lé awọ kankan lórí rí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

"Mi ò lè kọ ọ́, Màmá. Ohun tí mo bá rí ni mo máa ń kọ. Tẹ́ ẹ ò bá sọ fún Muheez fúnra yín, màá kọ pé kò sí àrùn, wọ́n á sì pa á."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo gbé ìwé tí mo ya àgbò náà sí, nítorí mi ò fẹ́ wo ojú rẹ̀, mo sì tún rí ibi mímọ́ tó wà láàárín egbò márùn-ún.

"Ibí yìí ńkọ́? Gbogbo ọrùn ẹ̀ lẹ tọ́ kajú sí yìí, ẹ ò fọwọ́ kan ibí yìí rárá."

Ó dìde. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ibẹ̀, apá òsì ọrùn àgbò náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò kún ibẹ̀. Àyè ṣẹ́kù yí i ká.

"Ọwọ́ ọkọ mi tóbi ju tèmi lọ," ó ní. "Nígbà tí kò lè dìde mọ́, a máa ń gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀. Ẹran yìí á wá dúró tì í, kò ní kúrò. Ibí yìí ló máa ń gbé ọwọ́ lé. Lọ́jọ́ tó lọ, mo jáde, mo bá ọwọ́ rẹ̀ níbí. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Mo ní ó ń sùn. Mo wọlé lọ gúnyán, mo fọ aṣọ, mo ní kó máa sinmi. Ọ̀sán ni mo tó padà wá jí i, tí mo gbé ọwọ́ náà kúrò lára ẹran. Ara ẹran ló ń mú ọwọ́ náà gbóná. Ó dúró láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kò yẹsẹ̀."

Òjò ti dá. Ìkùukùu náà ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó funfun láàárín wa. Muheez dé, ó ń gbọn omi kúrò lára ọ̀rá tó fi wé àwọn fọ́ọ̀mù náà.

"Dókítà, mo ti dé o. Kí lẹ bá níbẹ̀?"

Mo wo ìyá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo àgbò, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ń bó síwájú ọmọ rẹ̀.

"Kò ṣàìsàn, Muheez. Èmi ni. Kajú ni mo fi jó o, kẹ́ ẹ má bàa pa á."

Muheez wo ọwọ́ náà, ó wo èmi, ó tún wo ọwọ́ náà. "Ẹ̀yin? Màmá, ah-ah! Kí ló fà á? Ẹ̀yin lẹ ń rán mi létí láti ọdún tó kọjá pé ìwo ẹ̀ ti ń ká!"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mò ń wò ó lójoojúmọ́ ni."

"Ọ̀rọ̀ bàbá mi wá ńkọ́?"

"Bàbá ẹ ní ká pa àgbò," ó ní. "Kò ní ká pa ibi tí ọwọ́ òun wà."

Muheez kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran náà lórí sìmẹ́ǹtì tó tutù. Ó ń wo ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ láti egbò kan sí èkejì.

"Níbo?"

Ìyá rẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ibẹ̀. Ọwọ́ Muheez kún ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó gbé orí lé èjìká àgbò náà, ó sunkún, kò tijú mi. Nígbà tó dìde, ó nu ojú, ó ní, "Bàbá ní ká pín ẹran fún wọn, a máa pín in. Àgbò pọ̀ ní Rago. Èyí tí a bá rà, a ò ní sọ ọ́ lórúkọ."

Mo kọ ìwé náà. Mo kọ pé àgbò náà kò ní àrùn awọ kankan. Mo kọ pé egbò mẹ́sàn-án wà lára rẹ̀, pé ọmọ ọjọ́ kan náà ni wọ́n, pé ọwọ́ ènìyàn ló dá wọn síbẹ̀, pé wọ́n á jinná, irun funfun á sì hù lórí àpá wọn. Mo fún ìyá náà ní ìpara, mo ní lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kí ó fi pa á, kí ó sì fi pa ìka tirẹ̀ náà. Mo bá a wí díẹ̀ sí i, nítorí ẹni tó bá jó ẹran, ó yẹ kí a bá a wí. Ó ní mo ṣeun.

Kí wọ́n tó lọ, mo tọrọ àyè. Mo di ojú mi, mo gbé ọwọ́ lé ibi mímọ́ náà, mo sì wá a dáadáa gẹ́gẹ́ bí Dókítà Stephen ṣe kọ́ mi. Kò sí rorẹ́, kò sí kókó, kò sí àpá. Awọ àgbò lásán ni. Ó gbóná, mo sì pẹ́ níbẹ̀ kí n tó gbé ọwọ́ kúrò.